Ìdènà, Ẹnubodè Ìlú Kétu

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ, tí ó sì tẹ̀ síwájú títí ó fi kọjá Ìlárá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Kétu, ìlú àtijọ́ tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Níbẹ̀ ni ẹnubodè kan wà tí à ń pè ní Àkàbà Ìdènà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yewa mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Alákétu kan tí ń jẹ́ Sa ni ìtàn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ odi Kétu. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wa yàrà yí ìlú ká, amọ̀ tí wọ́n sì wà jáde ni wọ́n fi mọ odi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí yàrà ti ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni odi ń ga sí i. Ìdènà ni wọ́n fi sí ojú ọ̀nà. Kì í ṣe ihò kan lásán lára ògiri: ilé ni, ó sì ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan kọjú sí oko, èkejì kọjú sí ìlú, àgbàlá sì wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá la ilẹ̀kùn ìta kọjá kò tí ì wọ ìlú rárá. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jà, oníbodè yóò yẹ ẹrù rẹ̀ wò, yóò sì gba owó ibodè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá, ó ti kó sínú pàkúté, ògiri níhà ọ̀tún àti níhà òsì, ilẹ̀kùn títì níwájú.

Àwọn ará Kétu a máa sọ pé ilẹ̀kùn yìí ní agbára, àwọn àlejò tí ń wá wò ó pàápàá kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ọ̀rọ̀ oògùn lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí: bí a bá ti fi gbogbo rẹ̀ fún oògùn, kí ni ó kù fún mọlémọlé? Ní ìlú Nanjing ní ilẹ̀ Ṣáínà, ẹnubodè kan wà tí à ń pè ní Zhonghua, èyí tí wọ́n fi bíríkì àti òkúta kọ́ ní ayé ọba Hongwu, ní nǹkan bí 600 ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó ní, tẹ̀lé ara wọn, àgbàlá mẹ́ta sì wà láàárín wọn, kí ọ̀tá tí ó bá ya wọ ọ̀kan lè há sínú rẹ̀. Ọgbọ́n Kétu náà nìyẹn! Ọgbọ́n ogun ni gbogbo ayé ń pe ti Nanjing. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi pe tiwa ní idán nítorí pé amọ̀ ni a fi mọ ọ́n.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, bí ẹnubodè náà bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Dàhòmì fi fọ́ Kétu? A mọ ogun náà dáradára ní Yewa, nítorí òun kan náà ni ó fọ́ Ìṣàgá ní 1862. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun ọba Glele wọ Kétu ní 1883, àwọn jagunjagun ìlú ti lọ sójú ogun mìíràn. Nígbà tí wọ́n sì tún dó ti ìlú náà, títí ó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1886, ebi ni ó kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀tàn sì tẹ̀lé e: wọ́n pe àwọn olórí ìlú jáde bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ àlàáfíà, wọ́n sì mú wọn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹnubodè kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn Kétu tí ó ṣẹ́kù padà wálé, Ìdènà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá a.

Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ààlà: Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bodè ti yí padà lẹ́nu wa. Bí a bá dárúkọ bodè ní Ìlaròó lónìí, aṣọ́bodè tí ń tú àpò ìrẹsì ni ó ń wá sí ọkàn ènìyàn. Ààlà yìí ni ó mú kí a máa wo Kétu bí ilẹ̀ àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìhà Ìmẹ̀kọ ṣì ní ìbátan níbẹ̀.

Ilé-ìwé tí ó lè kó ọmọ lọ wo Olúmọ ní Abẹ́òkúta lè kó wọn lọ sí Kétu pẹ̀lú, bí a bá ti tọ́jú ìwé ìrìnnà wọn sílẹ̀. Òjò ni ọ̀tá ògiri amọ̀. Bí a kò bá ń rẹ́ ẹ, tí a kò sì ń bò ó lórí, yóò wó, nítorí náà kí wọ́n má ṣe fi falẹ̀. Àwọn tí kò bá sì rí owó ọkọ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbà ibi tí ẹnubodè ìlú tiwọn wà rí, kí wọ́n lọ wò ó bóyá yàrà ṣì hàn níbẹ̀, kí wọ́n fi okùn wọn ìbú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé tó dí i.