Ìyìn Kò Gbọdọ̀ Pa Ìbéèrè Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn akin máa ń dùn mọ́ wa létí débi pé a kì í béèrè ohun tó sọ ènìyàn di akin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ 155 Battery, ẹ̀ka kan nínú 172nd Field Regiment ti àwọn ọmọ ogun oníbọn àgbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1943, wọ́n wà ní Sidi Nsir, lórílẹ̀-èdè Tùnísíà. Àgbá mẹ́jọ péré ni wọ́n ní. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ 5th Hampshires wà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n Hunt's Gap, níbi tí ìyókù ti ń múra, tó máìlì 12 sẹ́yìn. Àwọn ará Jámánì kó ọkọ̀ ogun onírin dé ní kùtùkùtù. Ìlú Béjà ni wọ́n ń lọ gbà.

Àgbá 25-pounder yìí, ibi tó jìnnà ni wọ́n ṣe é láti máa yìn sí, tó kìlómítà 12. Lọ́jọ́ náà, ojúkojú ni wọ́n ń yìn ín lu ọkọ̀ ogun. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Nínú nǹkan bí 130 ènìyàn, mẹ́sàn-án ló padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tiwọn. Àwọn yòókù, ẹni tí kò kú bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Odidi ọjọ́ tí wọ́n fi dá ọ̀tá dúró ló fún àwọn ará Hunt's Gap láyè. Ọwọ́ ọ̀tá kò tẹ Béjà. Ìyìn tọ́ sí wọn, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ta ló fi àgbá mẹ́jọ síwájú báyẹn, láìsí ọkọ̀ ogun tiwọn nítòsí? Ẹlòmíràn á ní ogun kì í ṣe eré, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Òótọ́ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká pè é ní iye tí wọ́n san, ká sì dárúkọ ẹni tó ní kí wọ́n san án. Pé ó yọrí sí rere kò sọ pé ìpinnu náà dára.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí olùkọ́ bá kà á fún wa pé àwọn kan jà títí ọta fi tán, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà ká nawọ́ sókè, ká béèrè ẹni tó fi wọ́n síbẹ̀.