Ẹ Jẹ́ Kí Á Fi Ẹsẹ̀ Kọ́ Yorùbá

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi kò tíì rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ o, ṣùgbọ́n nígbà ọlidé tí a lò kọjá, mo rìn yíká ibì kan láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ó sì mú mi gbé kálàmù láti bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń kọ́ èdè yìí ní yunifásítì.

Abúlé ìyá tó bí bàbá mi wà lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, ní ìsàlẹ̀ Òṣogbo, bí a bá kọjú sí ọ̀nà Ẹdẹ. Èrò mi ni pé kí n rìn tọ odò náà lọ, kí n sì gba inú àwọn abúlé tó wà lókè padà sílé. Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ni yóò mú mi lọ. Nígbà tí Ìyá àgbà gbọ́, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kò sí o? Ta ló rán ọ níṣẹ́?" Mo ní kò sí, a kàn fẹ́ nasẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ nasẹ̀ kó gbé korobá kó pọnmi wá.

Bí a ti ń tọ bèbè odò lọ, ọ̀nà náà tóóró, ó ń gba abẹ́ kòkó, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ àbàtà. Àbúrò mi ni ó wà níwájú pẹ̀lú àdá. Níbi tí odò ti ṣẹ́rí, omi náà dákẹ́ lójijì. Ọmọ yìí gé ọ̀pá gígùn kan, ó tì í bọ omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan omi, ọ̀pá kò kanlẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ibú nìyí. A kì í wẹ̀ níbí."

N kò lè kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. A ti kà nípa Kúbà ní kíláàsì, pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò fi Ọ̀ṣun sílẹ̀, pé àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn a máa ka oríṣiríṣi "ọ̀nà" Ọ̀ṣun, tí orúkọ púpọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ibú: Ibú Kolé, Ibú Akuaro àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo sì gba máàkì tó dára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà pé kí ni ibú, n óò ní ibi tí omi ti jìn ni, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. N kò mọ̀ pé ibú a máa dúdú, pé kì í pariwo bí ibi tí omi ti ń fo orí òkúta, pé ara ènìyàn a máa sọ fún un kí ó rọra tí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò fojú kan odò yìí rí pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ìran dé ìran ní òkè òkun. Èmi tí n kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i bí mo bá wà nílé Ìyá àgbà, inú ìwé ni mo ti bá a pàdé.

Ìtìjú kejì kò pẹ́ dé. A kúrò létí odò, a gòkè sí oko kan, bàbá àgbàlagbà kan ń kọ ebè níbẹ̀. Ẹ̀yin ará kíláàsì mi mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ní kí á to oríṣiríṣi ìkíni oníṣẹ́ ọwọ́, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni mo gbà. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ẹ kú iṣẹ́, sà!" Àbúrò mi ní, "Àroko bọ́dúndé o, Bàbá!" Bàbá ní, "Àṣẹ o, ọmọ mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi ọmọ náà pé, "Akọ̀wé wo lo mú wá yìí?"

Kí a tó dé abúlé kejì, mo ti múra sílẹ̀. Àwọn obìnrin ń dirí lábẹ́ igi máńgòrò. Láti òkèèrè ni mo ti pariwo, "Ojúgbooro o!" Wọ́n dáhùn, "Ooyà á yà á o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún wa ní omi àti ẹ̀pà. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo rí èsì ìdánwò mi lọ. Gbogbo ibi tí a dé ni wọ́n ti ń bi wá pé "Ṣé kò sí o?", baálé kan ní abúlé kẹta sì fi wá jókòó, ó wádìí ìran wa títí ó fi kan bàbá bàbá mi, tí wọ́n jọ ṣe ọmọdé. Ìdí nìyí tí ìrìn tí oníwàdùwàdù lè fi wákàtí mẹ́ta rìn fi gbà wá láti aago méje àárọ̀ di aago méjì ọ̀sán.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìwà òyìnbó ni kí ènìyàn máa rìn kiri láìníṣẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, Arugbá a máa fẹsẹ̀ rìn láti ààfin Àtáọ́ja dé etí odò Ọ̀ṣun, gbogbo ìlú á tẹ̀ lé e. Mélòó ni ẹ rí tó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e? Àwa ńkọ́? Nígbà tí ẹgbẹ́ wa lọ sí Òṣogbo, ẹnu géètì ni bọ́ọ̀sì já wa sí. A ya fọ́tò nídìí àwọn ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ, a jẹ ìrẹsì, a sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì kí aago mẹ́rin tó lù. A kò bá ará ìlú sọ gbólóhùn mẹ́wàá. Nínú ìròyìn tí a kọ lẹ́yìn rẹ̀, "ìrìn-àjò ìmọ̀" ni a pè é. Èmi ni mo kọ ìròyìn náà.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni omi fúnra rẹ̀. Àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ni ó ní. Ní gbogbo etí odò tí a rìn, a kò bá ẹni tó ń fọṣọ, a kò bá ẹni tó ń pọnmi, a kò bá ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́. Apẹja kan ṣoṣo ni a rí, ó jókòó ti àwọ̀n rẹ̀, ó ń wo omi. Wúrà tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń wà á kò gba ìwé àṣẹ, ni àwọn odò kéékèèké ń gbé ẹrẹ̀ rẹ̀ wá sínú Ọ̀ṣun. Àwọn awawúrà a sì tún máa lo mákúrì láti fi kó wúrà jọ, májèlé sì ni. Ní 2005 ni UNESCO ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Igbó náà jẹ́ héktà 75, òfin ń ṣọ́ igi inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri wo ni yóò dá omi dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó fọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọlé?

Nígbà tí a délé, mo ròyìn fún Ìyá àgbà bí mo ti kí gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní, "O kò rí ẹni kí létí odò?" Mo ní rárá. Wọ́n ní láyé ìgbà tiwọn, bí ènìyàn yóò bá gba ibẹ̀ kọjá, a ó wí "Ẹ kú odò o" títí ẹnu rẹ̀ á fi gbẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìyàwó tó bímọ àti ọkọ tó ṣebi. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wọn, odò dá. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni torí èdè mu omi ẹlẹ́rẹ̀ o! Ṣùgbọ́n àbúrò mi, tí ó kí àgbẹ̀ kí n tó rántí, ni ó bèèrè pé, "Ìyá, kí ni wọ́n ń dáhùn sí 'Ẹ kú odò'?" Ìyá àgbà ronú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a lóhùn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀ka wa ni pé kí a ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ fẹsẹ̀ rìn tọ odò kan yíká, kí a sì ṣe ìdánwò ìkíni lójú ọ̀nà, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn. Kí àwa ọmọ Yorùbá sì bá àwọn akẹ́gbẹ́ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ ọ̀rọ̀ omi yìí ní èdè tí ará abúlé lè kà, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀.

Ní ti èmi, ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìdánwò, mo tún ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, kó wọ bàtà tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Ìyá àgbà ti ń bèèrè iye ènìyàn tó ń bọ̀, kí wọ́n lè mọ iye èlùbọ́ tí wọn yóò rò.