Níbo Ni Kí A Tẹ Ìlú Dó Sí?

Lóṣù tí ó kọjá, a jókòó ti àwọn ọmọ wa nídìí eré orí kọ̀ǹpútà kan, Civilization VI, tí ó jáde ní 2016. Bí ayò ni: ìwọ ta tìrẹ, ẹnìkejì ta tirẹ̀. Ibi tí ó le jù níbẹ̀ ni yíyan ilẹ̀ tí a ó tẹ̀dó sí.

Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ìlú tuntun létí odò ní ààyè ilé 5. Létí òkun, 3. Níbi tí omi kò sí, 2 péré. Àwọn tí ń lọ tẹ̀dó kì í sì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́: ìlú tí ó rán wọn ń dín ní ènìyàn 1. Bí a bá ti tẹ ìlú tán, kò ṣeé gbé kúrò mọ́.

Nínú àfikún rẹ̀ ti 2018, Rise and Fall, ìlú tí ó dá wà láàárín ìlú àwọn ẹlòmíràn lè yọwọ́ kúrò lábẹ́ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wa kan ṣe pàdánù ìlú rẹ̀. Omi wà, ilẹ̀ lọ́ràá, ṣùgbọ́n kò sí ìlú ẹbí nítòsí, kò sì tètè rán gómìnà síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ìdílé tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò yín, ẹ tètè lọ kí wọn. Omi nìkan kò tó tẹ̀dó.