Ọmọ tọ́mọbìnrin bí, ṣé ọmọ ilé ni l'Adó?

Bí ìjà ilẹ̀ ẹbí bá ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ l'Adó-Èkìtì, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde: "Ìyá ẹ ni tiwa, ìwọ kọ́!" Ẹni tó ti ń rò ó pé òun máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ bàbá ìyá ẹ̀ á kàn wọ́lẹ̀ ni.

Òyìnbó kan, Peter Lloyd, wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí kó tó gbé ìwé ẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá jáde lọ́dún 1962. Ó wo Adó, ó wo Oǹdó, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Ohun tó rí ni pé ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ti ń ka ìdílé l'Adó, ṣùgbọ́n n'Ìjẹ̀bú, ọmọ tí obìnrin bí náà lè bá wọn jókòó nídìí ogún bàbá ìyá ẹ̀. Yorùbá kan náà o! Àwọn tó máa ń pariwo "àṣà Yorùbá nìyí" nípàdé ẹbí, èwo ni wọ́n ń sọ gan-an?

Tọmọbìnrin fúnra ẹ̀ yàtọ̀. Láti 1924 nilé ẹjọ́ ti sọ nínú ẹjọ́ Lopez pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí dúkìá bàbá ẹ̀. Bó bá wá kú ńkọ́, tó fọmọ sílẹ̀? Ibẹ̀ ni wàhálà tún ti ń bẹ̀rẹ̀.