Ibi Tí Ẹ Ń Sùn Ni Wọ́n Ti Ń Kà Yín

 

Télọ̀ kan kọ lẹ́tà sí wa láti Akútè. Ó ní Akútè lòun gba yàrá sí, ṣùgbọ́n Ògbà ni ṣọ́ọ̀bù òun wà. Ìdájí lòun ń jáde, òru lòun ń wọlé. Ó wá bi mí pé: ará Èkó lòun ni, àbí ará Ògùn?

Ọ̀gá mi, ìbéèrè yín kì í ṣe kékeré. Tí a bá wo ibi iṣẹ́, ará Èkó ni yín. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìkànìyàn, ará Ògùn ni yín pátápátá. Ibi tí wọ́n bá ti bá yín nílé ni wọ́n ń kọ yín sí, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1963, ènìyàn 665,246 ni wọ́n kọ fún Èkó. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ó kéré. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Múṣin, Ìkẹjà, Agége àti Ajégúnlẹ̀ wà nígbà náà. Ẹni tó ń ti Múṣin lọ tajà ní Ìdúmọ̀tà lójoojúmọ́, kò sí nínú òǹkà Èkó. Ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967 ni gbogbo wọn tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Èèyàn ò kó, ilé ò ṣí. Ààlà ló ṣí.

Lónìí ńkọ́? Èkó tún ti kún, ó ti ṣàn kọjá ààlà. Akútè, Alágbọlé, Ọ̀tà, Ìbafò, Mọ̀wé: Ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ní Berger ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ wo ibi tí ọkọ̀ ń kó èrò lọ! Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní ìlànà fún irú èyí. Bí ìdá 25 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè kan bá ń lọ ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú ńlá, wọ́n á ka agbègbè náà mọ́ ìlú ńlá ọ̀hún, kódà bó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Lọ́dọ̀ tiwa, tí a bá ní Èkó ńlá, ìjọba ìbílẹ̀ 16 nínú 20 ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n máa ń kà. Ó tán síbi ààlà.

Ẹ lè ní kí ló kan aláta nínú èyí. Ó kàn án gan-an! Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín láàrin àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 30 nínú 100 ló ń tẹ̀lé iye ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkànìyàn 2006. Àjọ tó ń ka ènìyàn kọ 9,113,605 fún Èkó, ó kọ 9,401,288 fún Kánò. Ìjọba Èkó ní rárá o, 17,552,942 làwọn kà. Èyí tí wọ́n tún ṣètò fún 2023, wọ́n sún un síwájú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa náà lẹ́jọ́ tiwa. Ọmọ kékeré ni mí ní 2006. Nígbà tí àwọn tó ń ka ènìyàn kanlẹ̀kùn, màmá mi àgbà ti èmi àti àbúrò mi mọ́ yàrá. Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé, méjì ló wọ ìwé. Nígbà tí a dé iléèwé, bí 90 la wà ní kíláàsì kan, ilẹ̀ làwọn kan ń jókòó sí. Mo ṣì máa ń rò ó pé: ta ló mọ̀ pé à ń bọ̀?

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá tún ní kí ẹ dúró sílé, ẹ dúró jàre. Ẹ má tilẹ̀kùn lọ sí abúlé torí kí ìlú yín lè pọ̀. Ibi tí ẹ ń sùn ni ọmọ yín ti ń lọ síléèwé, ibẹ̀ náà lẹ ti ń wá omi. Ọmọ tí ẹ bá fi pamọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ́ iléèwé dè é.

Télọ̀ wa, ẹ máa ránṣọ yín ní Ògbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kà yín ní Akútè, tọmọ tìyàwó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa kọ̀wé sí wa o.