Hóró Tí Kò Tètè Hù

Àṣà ni nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ọ̀gbìn pé kí a di hóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, kí a sì kà wọ́n ní ọjọ́ karùn-ún. Èyí tí ó hù, a kọ ọ́ pé ó yè. Èyí tí kò hù, a kọ ọ́ pé ó kú. Àwa kò fara mọ́ ìdájọ́ kejì yìí, ẹ̀rí wa sì ti ilẹ̀ òkèèrè wá.

Ní ìhà gúúsù Australia, gẹ́gẹ́ bí ní etí Òkun Mẹditaréníà, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀. Ìgbà ooru ni ẹ̀rùn wọn. Ewéko kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní subterranean clover, ìbátan ẹ̀wà, oúnjẹ àgùntàn, tí ó ń ti èso rẹ̀ bọ inú ilẹ̀ bí ẹ̀pà. Àgbẹ̀ kan, Amos Howard, kíyèsí i lẹ́bàá Mount Barker ní 1889. Láti 1906 ni ó sì ti ń polongo rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Clover yìí kì í lò ju ọdún kan lọ. Bí òjò bá ti dá, ó kú, hóró nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ẹ rò ó wò: bí òjò kan bá ṣèèṣì rọ̀ láàárín ẹ̀rùn, tí gbogbo hóró sì hù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oòrùn yóò jó wọn run, kò sì ní sí irú fún ọdún tí ń bọ̀. Èèpo ni ó ń gbà wọ́n. Bí hóró ti ń gbó ni èèpo rẹ̀ ń le, tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò lè wọ inú rẹ̀. Ojú ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí lè gbóná ju 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sàn-án, kí ó sì tutù lóru. Bí èyí ti ń ṣe lójoojúmọ́ fún oṣù mélòó kan, ibi kékeré kan lára èèpo a là, omi a sì rí ọ̀nà. Nígbà tí òjò tòótọ́ bá dé, apá kan ti ṣetán. Apá kan a dúró de ọdún mìíràn. Èyí tí ilẹ̀ bò jìn a máa pẹ́ jù, nítorí ooru àti òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni clover fi ń padà yọ lẹ́yìn ọdún tí a fi gbin àlìkámà.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ̀wà wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn àgbẹ̀ ti fi ń ṣa èyí tí ó ń hù pọ̀, àwọn náà ni wọ́n sì ń pa á mọ́ sínú àká títí òjò yóò fi dé. Clover kò ní àká mìíràn bí kò ṣe èèpo rẹ̀. Hóró irúgbá tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe irú sì sún mọ́ clover nínú ìwà yìí. Ẹni tí ó bá ti dáná sí i rí kò ní bá wa jiyàn.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a mú hóró irúgbá tí kò wú nínú omi, kí a fi ẹnu ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjẹ́ kí ó dé inú, kí a sì dá a padà sínú omi di ọjọ́ kejì. Bí ó bá wú, omi ni kò tí ì rí ọ̀nà wọlé tẹ́lẹ̀. Bí ó bá wú tí kò hù, tí ó sì ń rà, ìgbà náà ni kí a tó kọ ọ́ mọ́ àwọn òkú.