Ilé Kíkọ́ Yàtọ̀ sí Ìlú Títẹ̀dó: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Ti Dé Òkè-Ògùn

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Mọ́níyà lọ sí Ìsẹ́yìn lóde òní, tó sì mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, yóò dúpẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà oníkìlómítà 65 yìí fi jẹ́ ìpọ́njú fún awakọ̀ àti èrò ọkọ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó wá tún un ṣe lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Yunifásítì LAUTECH ti ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ sí Ìsẹ́yìn, àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ ọ̀nà tó dára kì í gbé ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo wá. Bó ṣe ń mú kí iṣu àti àgbàdo Òkè-Ògùn tètè dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń mú kí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ tètè dé oko.

Ẹ jẹ́ ká mú ìlú Òkàkà bí àpẹẹrẹ. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ló wà, èyí tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Òtu. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni, ilẹ̀ àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu àti kajú, tí àwọn darandaran pẹ̀lú ń da ẹran gbà kọjá. Ohun tí àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè ní ilẹ̀ ni ibi tí bàbá rẹ̀ ti ro oko, tí ọmọ rẹ̀ yóò sì tún ro. Ohun tí oníṣòwò ilé ń pè ní ilẹ̀ ni púlọ́ọ̀tì, àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, ọgọ́rùn-ún ní gígùn, tí a lè tà fún ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní London láìjẹ́ pé ó fojú rí i. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jókòó láti sọ̀rọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ohun méjì.

A kò sọ pé iṣẹ́ ibi ni ilé kíkọ́ tà o. Orílẹ̀-èdè tí ilé kò kárí àwọn ọmọ rẹ̀ nílò àwọn akọ́lé gidigidi. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni ìlérí tó máa ń bá ọjà náà rìn lóde òní. Oníṣòwò kì í sọ mọ́ pé ilé lòun ń tà. Á ní àdúgbò lòun ń dá sílẹ̀, pé àwùjọ lòun ń kọ́, pé ẹbí kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ìlérí ńlá nìyẹn. Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é ní in lọ́kàn láti mú un ṣẹ?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa kò fi ògiri tẹ ìlú dó. Agbo ilé ló kọ́kọ́ wà, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ ilé: lónìí a wá ta ògiri lọ́wọ́ tèmi, lọ́la a lọ bo òrùlé tìrẹ. Àlejò tó bá fẹ́ ibi tí yóò gbé á tọ baálẹ̀ lọ, wọn á fi ibi tí ààlà wà hàn án, òun náà á sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ yẹn kì í ṣe owó ilẹ̀. Ẹ̀rí ni pé àlejò àti onílé ṣì mọ ara wọn. Àwọn àgbà ló sọ pé ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Bí a bá ta 200 púlọ́ọ̀tì fún 200 ènìyàn tí kò tíì rí ara wọn rí, ẹni 200 tó ń jẹ́ “mo dé” la kó jọ yẹn.

Oníṣòwò tó kọ́ ìlú, tó sì fi í sílẹ̀

Síbẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé kí oníṣòwò ṣe irú ìlérí yìí, kó sì mú un ṣẹ. Ní 1893, George Cadbury, tí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra 120 éékà ilẹ̀ sí ìtòsí ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ ìjọ Quaker ni. Ó ti rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbé nínú ilé tó há mọ́ra wọn láàárín ìlú, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé. Ó pàṣẹ pé kí ilé kankan má ṣe gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ rẹ̀ lọ, kí ìyókù jẹ́ ọgbà, kí igi eléso sì wà nínú ọgbà náà. Kò sì fi ibẹ̀ mọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bournville ni wọ́n ń pe ìlú kékeré náà.

Ohun tó ṣe ní 1900 ló jẹ́ kí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí ilé ibẹ̀ ti lé ní 300, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn alábòójútó kan, Bournville Village Trust, kí èrè tó bá ń wọlé lè máa padà sínú ìlú náà dípò kó wọ àpò òun tàbí ti àwọn ọmọ òun. Àwọn alábòójútó náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó rọrùn láti kọ́lé kí a sì gba ìyìn. Ó ṣòro kí a yọ ọwọ́ kúrò lórí ohun tó ń mówó wọlé.

Ká má ṣe sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ṣá. Lára kòkó tí ilé iṣẹ́ Cadbury fi ń ṣe ṣokoléètì láyé ìgbà yẹn wá láti erékùṣù São Tomé, níbi tí wọ́n ti ń lo àwọn ọmọ Áńgólà bí ẹrú, ọdún 1909 ni ilé iṣẹ́ náà sì tó jáwọ́ nínú ríra á. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n pe ìwé ìròyìn kan pé ó ba àwọn lórúkọ jẹ́ lórí ọ̀ràn náà. Wọ́n jàre, àmọ́ farthing kan ni àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí wọ́n san fún wọn, owó ẹyọ tó kéré jù lọ nígbà náà. Ẹni tó bá ń tú ilé àwọn kan ṣe yẹ kó mọ̀ pé àwọn mìíràn lè béèrè ibi tí owó náà ti wá.

Owó kòkó kan náà ló gbé Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ró nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀. Ní 1958, ìjọba náà dá àjọ tó ń rí sí ọ̀ràn ilé sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín àwọn ẹkùn Nàìjíríà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí Bódìjà ní Ìbàdàn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n la òpópónà, kí olúkúlùkù tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ibẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ lónìí máa ń fi sí ìkẹyìn, tí wọn kì í sì í dé ìkẹyìn náà.

Ṣùgbọ́n Bódìjà pẹ̀lú kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìíní, 2024, ohun abúgbàù kan dún níbẹ̀, ó pa ènìyàn, ó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, ariwo rẹ̀ sì dé apá ibi púpọ̀ ní Ìbàdàn. Gómìnà sọ pé àwọn tó ń wa kùsà lọ́nà àìtọ́ ló kó o pamọ́ sínú ilé kan. Láàárín ilé àwọn olówó àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni o! Òpópónà tó tọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó wà nínú ilé tó kángun sí tirẹ̀. Òkè-Ògùn náà kò ṣàìní àwọn awakùsà, nítorí náà kí á má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará ìgboro nìyẹn.

Àwọn ìjọ pẹ̀lú ti di akọ́lé. Ní 1947, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun Ìlàjẹ, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹ ohun tí wọ́n bá rí, títí ìlú náà fi lókìkí kárí ayé. Òkun ti gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ìjọ Ìràpadà ra ilẹ̀ ní 1983 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà tí ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ ní 2017, ó ròyìn ilé bí 5,000 àti ẹ̀rọ iná mànàmáná oní-mẹ́gáwáàtì 25. A gbóríyìn fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: àwọn tó ń gbé lẹ́yìn odi irú ìlú bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Nítorí a ti rí èyí tó burú. Ní oṣù keje, 1990, ìjọba ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó wó Màrókò palẹ̀, iye tí wọ́n sì sábà máa ń dá nípa àwọn tó pàdánù ilé wọn tó 300,000. Ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ló wà níbẹ̀ lónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá pe ilé tó wà níbẹ̀ ní àwùjọ, àwùjọ tó jókòó sórí àwùjọ mìíràn ni.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sanwó díẹ̀díẹ̀ fún ilẹ̀ oko ni kò mọ ohun tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 wí. Òfin náà fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fi àbójútó ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abala 36 dá ẹ̀tọ́ ẹni tó ti ń lo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí òfin tó dé mọ̀. Àmọ́ abala yẹn kan náà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gé e sí púlọ́ọ̀tì, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Abala 21 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìwé tí mọ́gàjí kan fọwọ́ sí nìkan kò tó, bí a tilẹ̀ fi òǹtẹ̀ agbẹjọ́rò lù ú. Bí ó bá sì jẹ́ ìjọba ló gba ilẹ̀ náà pa dà, abala 29 fún àgbẹ̀ ní owó ohun ọ̀gbìn rẹ̀ àti ilé tó kọ́ síbẹ̀, kò fún un ní iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó. Igi kajú ní iye lójú òfin. Ilẹ̀ tó gbé kajú náà dúró kò ní.

Kí wá ni kí àwọn àgbà Òkàkà béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá fi ìlérí àwùjọ síwájú wọn? Lójú tiwa, kí wọ́n kọ́kọ́ bi í pé kí ló ti kọ́ rí, kí wọ́n sì lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tó ti tà á tán. Bí kànga kò bá tíì sí níbẹ̀, tí ọ̀gbàrá sì ń gba àárín ilé àwọn ènìyàn kọjá, ọ̀rọ̀ parí. Kí wọ́n béèrè ilẹ̀ tó yọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà, kó sì wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, kì í ṣe nínú ìwé ìpolówó. Kí wọ́n béèrè ibi tí màlúù yóò máa gbà kọjá. Ìjà tí a kò bá yanjú kí a tó kọ́lé yóò bá ilé dàgbà ni. Ta ni yóò máa gba owó àtúnṣe, ta ni yóò sì máa yẹ ìwé owó náà wò? Ṣé ọmọ ìlú yóò wà lára wọn?

Èyí tí a rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ ni kí ẹbí tó ni ilẹ̀ má ṣe tà á tán. Ó ṣeé ṣe láti yá ènìyàn ní ilẹ̀ fún iye ọdún kan, kí owó sì máa wọlé lọ́dọọdún bí ìṣákọ́lẹ̀ àtijọ́. Oníṣòwò tó bá kọ̀ jálẹ̀ láti bá wọn dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ti fi hàn pé òun kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn pẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ilé lè rojú sí i, torí pé owó ọ̀kadà àti owó ìrìn àjò lọ sí Èkó kì í lè dúró de ìṣákọ́lẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi. Iṣẹ́ oko kò tíì san owó tó yẹ kó san, èyí ló sì ń jẹ́ kí ilẹ̀ tètè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí iná bá ti jó koríko ọ̀dàn, ilẹ̀ Òkè-Ògùn a máa dà bí ohun tí kò ní olówó. Ojú a máa ríran jìnnà, awọnlẹ̀ a sì máa rí ibi ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Àlejò tó bá wò ó lákòókò yẹn lè rò pé ilẹ̀ ṣófo ni wọ́n fẹ́ tà fún òun. Kó padà wá nínú oṣù keje, nígbà tí àgbàdo bá ti ga ju ènìyàn lọ, kó wá béèrè orúkọ ẹni tó gbìn ín.